Àgbò Tí Mo Fi Abo Mẹ́fà Rà

                                        Ilé Bàbá,
                                        Ẹ̀gbẹ́ Ọgbà Àgùntàn,
                                        Lẹ́yìn Afárá Onígi.
                                        Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù keje.

Bùọ̀dá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àtijọ́. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ilé, ẹ sì kú ìfaradà àbúrò tí kì í tètè fèsì lẹ́tà. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà? Ṣé ìka ìyàwó wa tí ilẹ̀kùn há ti san, tí wọ́n sì ti lè fi di abẹ́rẹ́ mú? Àgbà nínú àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ó ti ń lo awò tí wọ́n ní kó máa lò, àbí inú bàtà ló ṣì ń fi í pamọ́ sí? Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ẹ ní eruku pákó ń mú yín húkọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa fi aṣọ bo imú tí ẹ bá ń rẹ́ igi. Ẹni kan ò lè máa gbẹ́ àga fún gbogbo ìlú kí òun fúnra rẹ̀ má lè jókòó gba èémí.

Ara tèmi le. Ọkọ mi wà lójú ọ̀nà pẹ̀lú lọ́rì rẹ̀ bó ṣe máa ń wà. Eyín iwájú àbígbẹ̀yìn wa ti já, ó sì ń fi àlàfo ibẹ̀ súfèé kiri ilé láti àárọ̀. Orúnkún Bàbá ò burú ju bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀ lọ. Nípa Bàbá fúnra wọn, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, màá dé orí rẹ̀.

Lẹ́tà yín ti wà lábẹ́ agolo ṣúgà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ báyìí. Mi ò rí yín fín. Ìgbàkígbà tí mo bá jókòó láti dá yín lóhùn ni mò ń rí i pé ìdáhùn náà kò tíì pé lọ́wọ́ mi, màá sì tún dá lẹ́tà padà sábẹ́ agolo. Ẹ ní ẹ gbọ́ lẹ́nu awakọ̀ kan pé mo ta abo mẹ́fà nínú agbo ẹran Bàbá láti fi ra àgbò kan ṣoṣo, àgbò ọ̀hún ò sì ní ẹwà. Ẹ ní ṣé orí mi pé. Ẹ ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dáa, ẹni kì í panu mọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí díẹ̀, àmọ́ ẹ ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè, torí ohun tí Bàbá ní, ti àwa méjèèjì ni. Orí mi pé, bùọ̀dá mi. Ọkàn mi ni kò balẹ̀ láti oṣù mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí n to ọ̀rọ̀ náà fún yín bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ẹ mọ Olóyè, àgbò tí Bàbá fẹ́ràn. Ohun tó ṣeé ṣe kí ẹ má mọ̀ ni pé bàbá Olóyè ló ń gun agbo ẹran wa kí òun tó dé, bàbá bàbá rẹ̀ ló sì wà níbẹ̀ ṣáájú ìyẹn. Ọdún méjìlélógún ni Bàbá fi lo ìran àgbò kan ṣoṣo. Wọn ò ra àgbò rí láàárín ìgbà yẹn. Ọmọ ló ń jẹ oyè bàbá rẹ̀. Nígbà tí mo gba ìtọ́jú ẹran náà lọ́wọ́ wọn lọ́dún méjì sẹ́yìn nítorí orúnkún wọn, mo rò pé mo gba ohun tó dára ni. Lọ́dún tó kọjá, abo mẹ́rìndínláàádọ́ta la ní, ọmọ mẹ́tàlélógójì ni wọ́n bí, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n péré ló dàgbà dé ọjà. Àgbọ̀n ìsàlẹ̀ àwọn kan kúrú débi pé wọn ò lè di ọmú ìyá wọn mú. Àwọn kan ò lè dìde. Mo fi ọwọ́ ara mi sin méje láàárín ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ọgbà.

Mo pe dókítà ẹranko, ọmọbìnrin kan tí mo dàgbà jù, àmọ́ tó gbọ́n jù mí lọ. Ó yẹ ẹnu àwọn tó kú wò, ó sì bèèrè ibi tí a ti ń ra àgbò. Mo ní a kì í rà. Ó wò mí tàánútàánú. Ó ní àgbò wa ń gun ọmọ rẹ̀ àti ọmọ ọmọ rẹ̀, pé ẹ̀jẹ̀ ti sún mọ́ra jù, pé ọdún tó ń bọ̀ máa burú ju báyìí lọ.

Mo mú ọ̀rọ̀ náà tọ Bàbá lọ. Wọ́n ń bó ẹ̀pà lọ́wọ́, wọn ò gbójú sókè.

Wọ́n ní, “Òtútù ló pa wọ́n.”

Mo ní, “Bàbá, òtútù ò mú lọ́dún yẹn.”

Wọ́n ní, “Ó mú àwọn tó kú.”

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pin sí lọ́jọ́ yẹn.

Ní ti iye owó, ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ káfíńtà, ó máa tètè yé yín ju ẹnikẹ́ni lọ. Bí ẹ bá ra pákó kan tí kòkòrò ti jẹ, àga kan ló bàjẹ́. Àmọ́ bí àwòṣe tí ẹ fi ń gé ẹsẹ̀ àga bá wọ́, gbogbo àga tó bá jáde ní ṣọ́ọ̀bù yín lọ́dún yẹn ló máa mì. Abo kan, pákó kan ni. Àgbò ni àwòṣe. Abo tí kò dáa lè ba ọmọ kan tàbí méjì jẹ́ lọ́dún. Àgbò tí kò dáa, gbogbo ọmọ tó bọ́ sílẹ̀ ni. Mo rò ó pé màá lo àgbò tuntun fún ọdún mẹ́ta kí àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ tó pọ̀ jù nínú ọgbà. Bí ọmọ mẹ́wàá péré bá kún iye tó ń yè lọ́dọọdún, ọgbọ̀n ọmọ nìyẹn. Àwọn abo mẹ́fà tí mo tà, mẹ́rin nínú wọn ò bímọ fún ọdún méjì gbáko, eyín àwọn méjì yòókù sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lẹ́nu. Gbogbo owó tí mo rí lórí wọn ò ju owó ọmọ àgùntàn mẹ́jọ lọ. Mẹ́jọ ni mo fi ń wá ọgbọ̀n. Ẹ sọ fún mi, níbo ni wèrè wà nínú ìyẹn?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le ni èwo nínú àgbò méjì tí mo rí ni kí n mú. Èkíní wà lọ́wọ́ oníṣòwò ẹran kan tí gbogbo ayé ń pè ní Ẹlẹ́nu-Oyin. Àgbò yẹn ga, ìwo rẹ̀ ká lẹ́ẹ̀mejì, àyà rẹ̀ gbòòrò bí ilẹ̀kùn. Owó abo mẹ́rin ló ń bèèrè. Mo bi í pé ìyá àgbò náà ńkọ́, irú ọmọ wo ló máa ń bí.

Ẹlẹ́nu-Oyin rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ìyá rẹ̀? Àgùntàn ni.”

Èkejì wà lọ́dọ̀ tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Oníwèé nítorí pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ọgbà wọn tí wọn kì í kọ sílẹ̀. Àgbò tiwọn kò ga. Etí rẹ̀ kan tẹ̀, ìwo rẹ̀ kan ti ṣẹ́ kù kùkùté, irun rẹ̀ sì dà bí ẹní tí wọ́n ti jókòó lé fún ọdún mẹ́wàá. Owó abo mẹ́fà ni wọ́n pè é. Mo rò pé mi ò gbọ́ dáadáa. Wọ́n kó ìwé jáde. Ìbejì ni àgbò náà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ìyá rẹ̀ bí ìbejì, gbogbo wọn ló sì tọ́ dàgbà láìfi ìgò kún un. Ìwọ̀n tí ọmọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ lọ́gọ́rùn-ún ọjọ́ wà níbẹ̀, pẹ̀lú èyí tó ṣàìsàn àti ohun tó ṣe é. Wọ́n kọ àwọn tó kú náà síbẹ̀, wọn ò fi wọ́n pamọ́, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n gba ìwé náà gbọ́.

Mo ní, “Tíṣà, ẹ bá mi dín in kù díẹ̀. Ẹ wo etí rẹ̀.”

Wọ́n ní, “Ọmọ mi, àgbò ni mò ń tà fún ọ, ìwé ni mò ń gba owó rẹ̀.”

Dókítà ẹranko bá mi lọ lẹ́ẹ̀kejì. Ó wo eyín rẹ̀ àti pátákò rẹ̀, ó fi téèpù wọn ẹpọ̀n rẹ̀ yíká bí ẹni wọn ìbàdí fún ṣòkòtò, ó gba àtọ̀ rẹ̀ sínú ìgò kékeré, ó sì wò ó lábẹ́ ẹ̀rọ tó ń sọ ohun tín-ín-rín di ńlá. Ó ní kò sí àbùkù kankan. Mo sanwó.

Nígbà tí a sọ ọ́ kalẹ̀ nílé, Bàbá fi ọ̀pá wọn yí i po lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ní, “Èwo nínú rẹ̀ lo san owó fún?” Wọ́n wọlé. Láti ọjọ́ náà wọn ò dé ọgbà mọ́. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Bàbá tó jẹ́ pé àgùntàn ni wọ́n máa ń kí láàárọ̀ kí wọ́n tó kí èèyàn. Tí mo bá gbé oúnjẹ wá, wọ́n á ní “O ṣé.” Tí mo bá dárúkọ àgbò, wọ́n á bi mí léèrè bóyá òjò máa rọ̀. Mo ní ìgbéraga ni. Mo tiẹ̀ sọ ọ́ fún ọkọ mi pé tí òkúta bá fẹ́ kọ́ṣẹ́, ọ̀dọ̀ bàbá mi ló máa wá kọ́ agídí.

Wàyí o, bùọ̀dá mi, ibi tí ẹ̀bi mi wà nìyí, mi ò ní bò ó fún yín. Lọ́jọ́ tí ọkọ mi ń gbé àgbò náà bọ̀, táyà lọ́rì bẹ́ lójú ọ̀nà tí kò sí igi kan ṣoṣo. Àgbò náà dúró sínú oòrùn láti òwúrọ̀ títí ọwọ́ ọ̀sán fi rọlẹ̀. Ahọ́n rẹ̀ ti yọ síta kó tó dé. Ọjọ́ mẹ́ta ni ibà fi mú un. Dókítà fún un lábẹ́rẹ́, ó sì kìlọ̀ fún mi pé kí n jẹ́ kó sinmi fún oṣù méjì kó tó dé ọ̀dọ̀ abo kankan. Mo ní mo ti gbọ́. Àmọ́ mò ń ka ọjọ́. Oṣù márùn-ún ni àgùntàn fi ń lóyún. Bí àwọn abo bá gba àgbò lóṣù tó yẹ, ọmọ á bọ́ sórí koríko tútù, wàrà á pọ̀. Bí mo bá dúró fún oṣù méjì, ọmọ á bọ́ sílẹ̀ nígbà tí koríko ti ń gbẹ, màá sì máa ra oúnjẹ. Lọ́jọ́ kẹwàá, mo rí i tó ń jẹun dáadáa, mo ṣí ilẹ̀kùn fún un. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, èmi fúnra mi ti fi kọ́ ọmọ. Lọ́jọ́ yẹn mi ò rántí.

Dókítà ti kọ́ mi bí mo ṣe máa mọ abo tí àgbò bá gùn. Ẹ̀ẹ́ po ọ̀dà mọ́ òróró, ẹ̀ẹ́ kùn ún sí àgbò láyà. Abo tó bá gùn, àwọ̀ náà á kù sí i ní ìdí. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni ara abo fi ń yípo. Lọ́jọ́ kejìdínlógún ẹ̀ẹ́ yí ọ̀dà padà sí àwọ̀ mìíràn. Abo tó bá ti lóyún kò ní jẹ́ kí àgbò tún gun òun mọ́. Tí ẹ bá rí àwọ̀ kejì lára rẹ̀, a jẹ́ pé ti àkọ́kọ́ ò dúró.

Mo fi pupa bẹ̀rẹ̀. Kó tó di ọjọ́ kẹtàdínlógún, abo méjìdínlógójì nínú ogójì ló ti gba pupa. Inú mi dùn. Mo yí i sí àwọ̀ aró. Lọ́jọ́ kìíní mo rí ẹyọ kan, mo ní kò sí wàhálà. Lọ́jọ́ kejì, mẹ́rin. Lọ́jọ́ karùn-ún, mọ́kànlá. Mi ò lè jẹun tán mọ́. Kí n tó bọ́jú láàárọ̀ ni mo ti máa wà nínú ọgbà, tí màá máa tẹ̀ lé ìdí àgùntàn kiri bí ẹni tí nǹkan sọ nù lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkọ mi sá ṣẹ́ẹ̀tì aláró kan sórí okùn, mo fi ẹ̀gbẹ́ ojú rí i, àyà mi já. Kó tó di ọjọ́ kẹtàlá, mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló ti yí àwọ̀. Mẹ́sàn-án péré ló dúró sórí pupa.

Mo ránṣẹ́ pe dókítà. Ó tún gbé ẹ̀rọ rẹ̀ dé, ó gbé e lé orí tábìlì ilé ìdáná, ó sì pẹ́ kó tó gbójú kúrò lórí rẹ̀.

Ó ní, “Nínú mẹ́wàá tó wà nínú àtọ̀ rẹ̀, mẹ́jọ ti kú.”

Mo ní, “Ṣé yóò padà bọ̀ sípò?”

Ó ní, “Bó bá jẹ́ pé ibà yẹn nìkan ni, yóò padà. Tó bá ti ba inú ẹpọ̀n jẹ́, kò ní padà. Ẹ mú un kúrò láàárín wọn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta màá wá wò ó.”

“Tí kò bá padà ńkọ́?”

Ó ń nu dígí rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní, “A jẹ́ pé ẹran jíjẹ lẹ rà, màámi. Ẹ má bínú.”

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni lẹ́tà yín dé, tí ẹ ń bèèrè bóyá orí mi pé. Ẹ rí ìdí tó fi lọ sábẹ́ agolo ṣúgà.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà níwájú mi, kò sí èyí tó dán. Kí n tún ta abo sí i láti ra àgbò Ẹlẹ́nu-Oyin, tí mi ò mọ ìyá rẹ̀. Kí n dá Olóyè padà sórí àwọn ọmọ rẹ̀, kí n tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ọgbà. Tàbí kí n fi ọwọ́ lẹ́rán fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí gbogbo ọdún náà sì lọ tí dókítà bá ní ó ti tán. Mo jókòó sórí garawa lẹ́nu ọ̀nà ọgbà láàárọ̀ ọjọ́ kan, mi ò ṣe nǹkan kan. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ìró ọ̀pá.

Bàbá ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ti lọ tí wọn ò ti dé ibẹ̀.

Wọ́n ní, “Mélòó ló ti yí sí aró?”

Ẹnu yà mí. Mi ò sọ ọ̀rọ̀ ọ̀dà fún wọn rí. Ojú fèrèsé wọn ni wọ́n ti ń wò ó.

Mo ní, “Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, Bàbá.”

Wọ́n ní, “Lọ mú ìwé àti bírò wá. Kì í ṣe gbogbo wọn ló bá Olóyè tan. Àwọn kan wà níbẹ̀ tí mo rà lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn lọ́wọ́ olóko ọsàn nígbà tó ń kó agbo ẹran rẹ̀ tà. Ẹ̀jẹ̀ tiwọn jìnnà. Kó àwọn yẹn fún Olóyè báyìí, ìyẹn ò léwu. Àwọn tó jẹ́ ọmọ rẹ̀ ni kó dúró de àlejò rẹ.”

Bùọ̀dá mi, ó kù díẹ̀ kí n sunkún. Ọgbọ́n tó wà lójú mi kedere ni, àmọ́ àwọn ẹran yẹn funfun bákan náà, èmi ò sì sí nílé nígbà tí wọ́n rà wọ́n. Bàbá nìkan ló mọ̀ wọ́n. Bàbá fara ti ilẹ̀kùn ọgbà, mo ń ti àwọn abo náà kọjá níwájú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fọwọ́ kan ẹ̀yìn wọn, wọ́n ń sọ pé: ọmọ Olóyè nìyí, ìyá rẹ̀ ni èyí tó máa ń fo ọgbà, tọwọ́ olóko ọsàn nìyí, ọmọ Olóyè nìyí, ìyá ìyá rẹ̀ ló jẹ aṣọ ìgbéyàwó ẹnì kan lórí okùn. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó tó oṣù mélòó kan tí a ti rẹ́rìn-ín pọ̀ kẹ́yìn.

Nígbà tó kan abo kan tó ní àpá lètè, wọ́n ní, “Tọwọ́ olóko ọsàn.”

Mo dúró. Abo yẹn, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi fà á jáde lára ìyá rẹ̀ lọ́dún méjì sẹ́yìn, òun ni ọmọ àkọ́kọ́ tí mo gbà nínú ọgbà yìí, Bàbá ló sì mú àtùpà lọ́wọ́ fún mi. Wáyà ọgbà ló ya á létè. Ọmọ Olóyè ni. Mo rọra sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n ní, “Bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni.” Mo ti èyí tó tẹ̀ lé e kọjá. Wọ́n gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn. Ọwọ́ wọn ń lọ, ó ń bọ̀ lórí irun rẹ̀.

Wọ́n ní, “Ta ni ìyá èyí?”

Mo rò pé wọ́n ń bi ara wọn ni. Wọ́n tún bèèrè, wọ́n sì yíjú sí mi. Èmi ni wọ́n ń bi. Mo ní mi ò mọ̀, Bàbá. Wọ́n di ilẹ̀kùn ọgbà mú. Ohùn wọn lọ sílẹ̀.

Wọ́n ní, “O rò pé mò ń bínú sí àgbò rẹ. Mi ò bínú sí i. Àwọn tiwa, bí mo bá rí ojú ọmọ, mo máa ń rí ojú bàbá níbẹ̀, ìyẹn ló ń bá mi rántí. Èyí tí o gbé dé, mi ò mọ ojú kankan nínú ìran rẹ̀. Àwọn tí mo mọ̀ gan-an ni mo ti ń gbàgbé, ìwọ tún fẹ́ kó àjèjì dé.”

Mo bèèrè ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ó ti tó ọdún kan àbọ̀. Wọ́n ní àwọn rò pé ọjọ́ orí lásán ni, pé tí àwọn bá sùn dáadáa, ó máa padà. Wọ́n ní téèyàn bá pe ẹnì kan lórúkọ ẹlòmíràn, ojú onítọ̀hún á fi hàn, àmọ́ àgùntàn kì í bínú.

Eyín ló bá wa parí iṣẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn tí wọ́n rà ti dàgbà kí wọ́n tó dé, a jẹ́ pé eyín wọn ti kún tàbí kó ti máa jẹ; abo tí eyín rẹ̀ ò bá tíì kún, ọgbà wa la bí i sí. Mo ń la ẹnu, Bàbá ń wò ó, a sì tún gbogbo ìwé náà ṣe. Méjìlá tí a kọ́kọ́ kọ di mọ́kànlá. A kun ọ̀dà sí Olóyè náà láyà, a sì ti àwọn mọ́kànlá sọ́dọ̀ rẹ̀. A fi àwọn méjìdínlógún yòókù sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà gùn ju oyún àbígbẹ̀yìn mi lọ. Mo gbé àgbò náà sábẹ́ òjìji, mo ń fún un lómi tútù lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, mo sì ń wò ó bí ẹni pé màá rí inú rẹ̀. Nígbà tí dókítà gbé ojú kúrò lórí ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kẹta, ó ní kí n wá fojú ara mi wò. Wọ́n pọ̀ bí ìdin, wọ́n ń sáré. Ó ní nínú mẹ́wàá, mẹ́jọ ló yè. Mo fi àwọ̀ ewé kùn ún láyà, mo ṣílẹ̀kùn. Àwọn méjìdínlógún ló gba àwọ̀ ewé. Mo wá yí i sí dúdú, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ mẹ́tàdínlógún mìíràn. Mi ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ fún yín bí àwọn ọjọ́ yẹn ṣe rí.

Ọjọ́ náà pé lánàá. Mẹ́ta péré ló yí sí dúdú. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún dúró. Lọ́dọ̀ Olóyè, mẹ́wàá dúró nínú mọ́kànlá. Pẹ̀lú mẹ́sàn-án ti àkọ́kọ́, abo mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló lóyún nínú ogójì, bí Ọlọ́run bá bá wa dá wọn sí. Mi ò ní tàn yín o: àgbò náà kò ní san owó ara rẹ̀ padà lọ́dún yìí. Àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún máa pẹ́ kí wọ́n tó bí, koríko ti máa gbẹ, màá ra oúnjẹ fún wọn, ọmọ wọn á sì kéré lọ́jà. Ìkánjú mi ló jẹ èrè ọdún àkọ́kọ́. Ọdún kejì àti ìkẹta ni mo gbójú lé. Tí ẹ bá sì bi mí bóyá màá tún rà á, màá rà á, àmọ́ màá jẹ́ kó sinmi.

Àwọn mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ máa bí ní nǹkan bí oṣù méjì sí i. Ẹ jọ̀ọ́, bùọ̀dá mi, ẹ wá. Ẹ pa ṣọ́ọ̀bù dé fún ọ̀sẹ̀ kan. Èmi nìkan ò lè máa gbẹ̀bí ẹran kí n tún máa kọ ohun tí Bàbá bá ń sọ, ó sì ti hàn sí mi pé ó yẹ kí ẹnì kan máa kọ ọ́. A ti ń kọ díẹ̀díẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, láti orí agbo ẹran dé orí ẹbí. Àwọn ọjọ́ kan wà tí wọ́n máa ń sọ ọ́ bí ẹni ń kàwé. Àwọn ọjọ́ mìíràn, wọ́n á ní kí n bu omi wá, kí wọ́n má bàa sọ pé àwọn ò rántí. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí sínú lẹ́tà tí ẹ bá ń kọ sí Bàbá. Ẹ kàn sọ pé ẹ fẹ́ wá wo àgbò náà.

Ohun kan ló kù. Lánàá, kí n tó jí, Bàbá ti wà nínú ọgbà. Wọ́n ti yí gbogbo abo po pẹ̀lú ọ̀pá wọn. Wọ́n pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní, “Mẹ́ta ló yí sí dúdú. Òmíràn ò sí.” Inú mi ì bá dùn, àmọ́ ẹ̀rù bà mí láti gbà á gbọ́. Mo ní mo fẹ́ lọ wo omi àwọn ẹran. Mo wọlé, mo ń fojú kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta ni. Mo tún un kà. Mẹ́ta náà ni. Nígbà tí mo yíjú padà, wọ́n ṣì dúró níbi tí mo fi wọ́n sí, wọ́n ń wò mí.

Wọ́n ní, “Mélòó lo rí?”

Ojú tì mí. Mo ní, “Mẹ́ta, Bàbá. Bí ẹ ṣe wí.”

Wọ́n mi orí. Wọ́n ní, “Ó dáa. Láti òní lọ, máa kà á lẹ́yìn mi.”

Ẹ bá mi kí ìyàwó wa gidigidi, kí ẹ sì sọ fún wọn pé mo ti gba aṣọ ọmọ tí wọ́n fi ránṣẹ́, ó bá a mu. Ẹ kí gbogbo àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ kí àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Bàbá ní kí n kí yín, wọ́n sì dárúkọ àwọn ọmọ yín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún mi, wọn ò ṣi ọ̀kan.

Èmi ni tiyín lójoojúmọ́,
àbúrò yín,
Kékeré.